Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú: òwe ikọ̀ tó ń làjà ogun

Ìbéèrè tí wọ́n bi mí nìyí: "Bàbá kan ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn ikọ̀ tó ń bẹ àwọn ológun kí wọ́n dáwọ́ ìjà dúró, kí oúnjẹ àti oògùn lè wọlé fún ará ìlú. Ó ní, 'Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ.' Ṣé irọ́ ló ní kí wọ́n máa pa ni?"

Rárá o. Ikọ̀ tó bá yí ọ̀rọ̀ padà kò jẹ́ iṣẹ́ rárá. Iṣẹ́ ẹrú ni iṣẹ́ tí wọ́n fi ìbínú rán, tí ìwọ̀sí kún inú rẹ̀. Ohun tí wọ́n máa gbà àti ohun tí wọn ò ní gbà gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ ní pípé, èébú nìkan ni ọmọ tó gbọ́n máa ń fi sílẹ̀ sọ́nà. Kí ẹ̀rù má sì jẹ́ kó gé ọ̀rọ̀ kù, àwọn àgbà tún ní, "Aránniníṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún."

Ibi tí mo ti rí òwe yìí lójú ayé ni ogun Kírìjì, tí Ìbàdàn bá Èkìtìparapọ̀, ìyẹn àwọn ará Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó para pọ̀, jà láyé àtijọ́. Ọ̀rọ̀ ta ni ẹrú, ta ni ọmọ, gan-an ló wà nídìí ogun yẹn. Àwọn ajẹ́lẹ̀, ìyẹn àwọn aṣojú tí Ìbàdàn fi ń ṣàkóso ìlú tó wà lábẹ́ rẹ̀, ń fi ayé ni àwọn ará Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà lára títí jagunjagun kan, Fábùnmi, fi pa ajẹ́lẹ̀ ní Òkè-Ìmẹ̀sí. Ìbàdàn ní abẹ́ àwọn ni wọ́n wà, Èkìtìparapọ̀ ní àwọn ò sin ẹnikẹ́ni mọ́. Kí ni ikọ̀ fẹ́ wí láàárín irú àwọn bẹ́ẹ̀? Ní 1881, Aláàfin Adéyẹmí Kìíní, ọba Ọ̀yọ́ tí Ìbàdàn wà lábẹ́ rẹ̀, kọ̀wé sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó pé kí wọ́n bá òun dá sí i, nítorí kò sí ìhà tó fọkàn tán òun alára tán. Òyìnbó míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà (CMS) kan, J. B. Wood, lọ bẹ̀ wọ́n ní 1884, wọn ò gbọ́. Ààrẹ Látòósà, olórí àwọn ológun Ìbàdàn, kú sí ibùdó ogun ní 1885.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Moloney, gómìnà Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó, rán Samuel Johnson àti Charles Phillips, àlùfáà méjèèjì, ọmọ Yorùbá méjèèjì. Ní oṣù kẹsàn-án 1886, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn. Ẹ wo bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀: Èkìtìparapọ̀ di òmìnira, ṣùgbọ́n ìwé náà ò sọ pé ẹrú ti bọ́ lọ́wọ́ olówó rẹ̀. Ó ní kí Aláàfin jẹ́ ẹ̀gbọ́n, kí Ọwá Iléṣà jẹ́ àbúrò, bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ Èkìtì wà ní òmìnira. Ohun tí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tìtorí rẹ̀ jà tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́, ojú ò sì ti Ọ̀yọ́. Tọmọ nìyẹn!

Àmọ́ ẹnu dídùn ní ibi tó mọ. Àdéhùn yẹn kan náà ní kí àwọn ará Mọdákẹ́kẹ́, tí wọ́n ń bá Ifẹ̀ jà, ṣí lọ sí àárín odò Ọ̀ṣun àti Ọbà. Wọ́n kọ̀. Ìjà Ìlọrin ní Ọ̀fà náà ò tán, ó di 1893 kí àwọn jagunjagun tó padà sílé.

Ti oúnjẹ tó wà nínú ìbéèrè yìí, ogun abẹ́lé Nàìjíríà ni kí á wò. Ní Kampala, ní oṣù karùn-ún 1968, Louis Mbanefo tó ṣojú Bìáfrà, ìyẹn ìhà ìlà-oòrùn tó ní òun ti ya kúrò lára Nàìjíríà, ní kí ìbọn kọ́kọ́ dákẹ́. Anthony Enahoro tó ṣojú ìjọba àpapọ̀ ní kí wọ́n kọ́kọ́ jáwọ́ nínú ìyapa. Nígbà tí wọ́n dé Niamey àti Addis Ababa, ọ̀nà tí oúnjẹ máa gbà wọlé ni wọ́n ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ìjọba àpapọ̀ fẹ́ kó gba orí ilẹ̀, níbi tí wọ́n ti lè yẹ̀ ẹ́ wò. Bìáfrà ń bẹ̀rù pé ṣọ́jà á tẹ̀ lé oúnjẹ wọlé, pé wọ́n sì lè fi májèlé sí i, wọ́n ní kó gba òfuurufú. Ebi sì ń pa àwọn ọmọdé títí ara wọn fi ń wú. Òru ni ọkọ̀ òfuurufú àwọn ìjọ ń gbéra láti erékùṣù São Tomé lọ balẹ̀ sí Uli, ní ilẹ̀ Bìáfrà. Ní oṣù kẹfà 1969, wọ́n yìnbọn já ọkọ̀ òfuurufú Red Cross kan bọ́ láti ojú ọ̀run.

Lójú tèmi, rédíò wà lára ohun tó ba iṣẹ́ àwọn ikọ̀ yẹn jẹ́. Kí ikọ̀ tó jókòó, èébú tí wọn ì bá fi sílẹ̀ sọ́nà ti dé etí gbogbo ayé. N ò ní òun nìkan ni, torí ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn jinlẹ̀ lóòótọ́.

Bí ẹ bá máa pa òwe yìí níwájú àgbà, ẹ fi "tótó ṣe bí òwe" kún un. Ẹ má sì pa á lójú ẹni tí ẹ jẹ́ iṣẹ́ fún láé, torí ẹ ti tú u fún un nìyẹn pé iṣẹ́ ẹrú ni wọ́n rán yín sí i.