Ìdí tí dókítà fi ń yọ oògùn kúrò

Ẹ ní ìyá yín ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru àti làkúrègbé, dókítà wá yọ méjì nínú oògùn wọn, ẹ̀rù sì ń bà yín pé ó ti pa wọ́n tì. Ẹ fọkàn balẹ̀. Bàbá mi ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èmi ni mo máa ń tẹ̀ lé wọn lọ sí ọsibítù n'Íbàdàn.

Tẹ́lẹ̀, ẹnìkan ló ń wo ṣúgà, ẹlòmíì ń wo ìfúnpá, oníkálukú ń kọ oògùn tirẹ̀. Ìgbà tí a dé ọ̀dọ̀ dókítà ìdílé, ọmọbìnrin kékeré kan báyìí, ó ní kí a da gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì, títí kan ti kẹ́míìsì àti ìgò àgbo. Ó ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: “Bàbá, kí lẹ ń lo èyí fún? Ìgbà wo lẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀?” Àṣé amlodipine ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń wú wọn lẹ́sẹ̀. Ẹni tó rí ẹsẹ̀ wíwú ló fún wọn ní oògùn tó ń múni tọ̀. Ìyẹn ló ń gbé wọn dìde lóru, tí òòyì ń kọ́ wọn. Diclofenac tí wọ́n ń rà fún orúnkún sì ń ti ìfúnpá sókè. Bí òun, lisinopril (oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn) àti oògùn tó ń múni tọ̀ yẹn bá pàdé lára àgbàlagbà, kíndìnrín ló máa jìyà ẹ̀.

Ó wọn ìfúnpá Bàbá ní ìjókòó, ó tún wọ̀n ọ́n ní ìdúró. Bí wọ́n ṣe dìde, nọ́ńbà òkè fi ohun tó lé ní 20 já wálẹ̀! Ohun tó wá ká a lára jù ni kí wọ́n má ṣubú ní balùwẹ̀. Ó pààrọ̀ glibenclamide, oògùn ṣúgà wọn, torí bí kíndìnrín bá ti rẹ̀, oògùn yẹn máa ń pẹ́ lára, ṣúgà á sì já wálẹ̀ jù. Ó ní HbA1c (àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi bí ṣúgà ṣe rí láti bí oṣù mẹ́ta hàn) tí kò tó ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún ti tó fún wọn, kò pọn dandan kí a máa lé 7 bíi ti ọ̀dọ́.

Ó wá bi wọ́n léèrè ohun tí àwọn gan-an ń fẹ́. Bàbá ní kí àwọn ṣáà lè fẹsẹ̀ rìn dé mọ́ṣáláṣí. (Èmi rò pé ọ̀rọ̀ ṣúgà ni wọ́n á sọ!) Ni ó bá gbájú mọ́ orúnkún: parasitamọ́ọ̀, ìpara, eré ìdárayá díẹ̀díẹ̀.

Ẹ bi dókítà yín pé kí ló dé tó fi yọ méjèèjì, kí lẹ ó máa ṣọ́, ìgbà wo ló sì máa tún yẹ kíndìnrín wọn wò. Ẹ má fúnra yín dá èyí tó yọ padà o, ẹ má sì fúnra yín yọ èyí tó kù.