Tọ́ọ̀nù inú ìwé ọkọ̀ kọ́ ni ìwúwo irin ẹ̀ o

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹnì kan ní kí èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi dáwó jọ ká ra ọkọ̀ akẹ́rù ojú òkun kan tó ti pé ọdún 27, ká wá tà á fáwọn tó ń tú ọkọ̀. Ó ní ọkọ̀ náà ti jẹrà ni wọ́n ṣe ń tà á ní pọ̀ọ́kú. 56,000 tọ́ọ̀nù ló wà nínú ìwé ẹ̀, ó ní ká fi iye tọ́ọ̀nù irin kan ṣe ìṣirò ẹ̀, a máa rí èrè wa. Ṣé ká ṣe é?

Ìdáhùn: Àbúrò, ìwọ àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ, ẹ má tíì sanwó fẹ́nì kankan. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé láàárín oṣù díẹ̀ tí wọ́n máa gbé ìṣirò yìí gan-an wá bá mi, ó sì ń bí mi nínú torí àwọn tó ń gbé e kiri mọ nǹkan tí wọ́n ń ṣe.

56,000 yẹn, deadweight ni wọ́n ń pè é, kì í ṣe ìwúwo ọkọ̀ rárá. Ohun tí ọkọ̀ lè gbé ni: ẹrù, epo, omi, oúnjẹ, àwọn òṣìṣẹ́ àti báàgì wọn. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá dé ibi tí wọ́n ti máa tú u, ẹrù ti kúrò nínú ẹ̀ tipẹ́, epo náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Àpò tí wọ́n ń di 50 kílò sìmẹ́ńtì sí, tẹ́ ẹ bá da sìmẹ́ńtì inú ẹ̀ nù tán, ṣé àpò yẹn ṣì wúwo 50 kílò? Gross tonnage tẹ́ ẹ tún máa rí nínú ìwé kan náà, òun ò tiẹ̀ kan ìwúwo, bí inú ọkọ̀ ṣe láyè tó ló ń sọ.

Èyí táwọn tó ń tú ọkọ̀ ń sanwó lé lórí ni lightweight, ìyẹn ara ọkọ̀ fúnra ẹ̀, irin, ẹ́ńjìnnì, gbogbo ohun tí wọ́n kàn mọ́ ọn. Fún ọkọ̀ tó ń kó ẹrù tí wọ́n ń dà sínú ẹ̀ láìdì í sápò, bí èédú àti ọkà, tí deadweight ẹ̀ jẹ́ 56,000, lightweight ẹ̀ sábà máa ń wà ní nǹkan bí 10,000 sí 11,000 tọ́ọ̀nù. Ẹ rí i pé ọkùnrin yẹn ti sọ owó di ìlọ́po márùn-ún lójú yín! Iye tí wọ́n sì ń ra tọ́ọ̀nù ọkọ̀ kò tó iye tí wọ́n ń ta tọ́ọ̀nù irin, torí ẹni tó rà á ṣì máa sanwó àwọn tó ń gé e.

A kì í méfò ìwúwo yìí. Mo ti ṣe é láìmọye ìgbà: àá wọ ọkọ̀ kékeré ní kùtùkùtù tí omi bá dákẹ́, àá máa ka nọ́ńbà tó ń fi bí ọkọ̀ ṣe rì sínú omi tó hàn, èyí tí wọ́n kùn síwájú, àárín àti ẹ̀yìn ọkọ̀, lápá ọ̀tún àti òsì, ìgbì kékeré á wá bo ẹsẹ̀ nọ́ńbà kan mọ́lẹ̀, àá dúró dìgbà tó bá fà sẹ́yìn, àá tún un kà. Lẹ́yìn tá a bá ti fi ìyẹn ṣírò ìwúwo ẹ̀, la máa yọ ìwúwo epo àti omi inú àwọn tánkì kúrò nínú iye tá a rí. Àbájáde ẹ̀ máa ń wà nínú ìwé stability, ìyẹn ìwé tó ń sọ bí ọkọ̀ ṣe máa dúró dáadáa lójú omi, tí wọ́n ń tọ́jú sínú ọkọ̀.

Ti pé ó jẹrà, rárá. Ọdún márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń ṣe àyẹ̀wò ńlá, wọ́n máa ń fi ẹ̀rọ díwọ̀n bí irin ṣe nípọn tó, pàápàá nínú tánkì omi tí ìpẹtà ti máa ń pọ̀ jù. Tí owó àtúnṣe bá ju èrè tí ọkọ̀ lè pa lọ, olówó ẹ̀ á tà á, bó tilẹ̀ ń fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn. Ọ̀pọ̀ ló ń fi ẹ́ńjìnnì ara wọn sáré gun etíkun lọ nígbà tí omi bá kún, ní Alang ní Íńdíà àti Chattogram ní Bangladesh, níbi tí wọ́n ti ń tú wọn.

Àwọn oníṣòwò ńlá tó ń ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ olówó ẹ̀, tí wọ́n sì ń tà á fáwọn tó ń tú u, ti wà nídìí òwò yìí tẹ́lẹ̀ o. Láti 26 Okudù 2025 tí àdéhùn Hong Kong, ìyẹn àdéhùn àgbáyé lórí títú ọkọ̀, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọkọ̀ tí wọ́n bá fẹ́ tú gbọ́dọ̀ ní àkọsílẹ̀ àwọn nǹkan olóró bí asbestos tó wà nínú ẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń tú u náà gbọ́dọ̀ ní àṣẹ.

Mi ò tíì rí ìwé ọkọ̀ yìí, mi ò sì kí ń ṣe lọ́yà, torí náà ẹ wá lọ́yà tó mọ òfin ojú omi. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó ṣe ìyẹn, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á fún yín náà fún yín ní nọ́ńbà IMO, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀, méje ni díjíìtì ẹ̀, kì í yí padà bí wọ́n bá tilẹ̀ pààrọ̀ orúkọ àti àsíá ọkọ̀, kó sì fi ojú ewé tí lightweight wà hàn yín. Tó bá ní àṣírí ni, ẹ gbé owó yín padà sílé.