Ìdáhùn fún aboyún tó bèèrè nípa G6PD: ẹ̀jẹ̀ inú ìwọ́ ni kí ẹ gbà

Àǹtí, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ o. Mo ti ka ohun tí ẹ kọ. Àkọ́bí yín ọkùnrin ti pé ọdún méjì. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè lọ́jọ́ kẹta tí ẹ bí i, ẹ ò gbé e dé ọsibítù títí di ọjọ́ kẹfà torí wọ́n ní kí ẹ máa gbé e sí oòrùn àárọ̀. Ní báyìí ọrùn rẹ̀ ò dúró, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ń lọ́, ẹ pè é kò bojú wẹ̀yìn, àyẹ̀wò sì ní G6PD rẹ̀, èròjà tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ kó má baà fọ́, kò tó. Oyún oṣù méje wà nínú yín, skáànù ní ọkùnrin ni. Ẹ wá ń bi wá: ṣé ọ̀dọ̀ yín ló ti wá, ṣé kí wọ́n yẹ ọmọ wò nínú oyún, ṣé kí ẹ jáwọ́ nínú ẹ̀wà.

Ẹ máa jẹ ẹ̀wà yín. Ẹ̀wà olóyin, àkàrà, mọ́ínmọ́ín, ọ̀rọ̀ ò kan èyíkéyìí nínú wọn. Fava ni ẹ̀wà tí ìwé ń sọ pé ó ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ ẹni tí G6PD rẹ̀ kò tó, èyí tí àwọn ará Íjíbítì àti Ítálì ń jẹ, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń wọ̀n ní kóńgò ní Bódìjà. Ó máa ń bí mi nínú bí ẹni tó wọ kóòtù funfun ṣe máa ń gba oúnjẹ lẹ́nu aboyún nítorí ohun tó sáré kà lórí fóònù.

Ọ̀rọ̀ ọ̀dọ̀ ta ló ti wá: jíìnì G6PD wà lórí kúrómósómù X. Obìnrin ní X méjì, ọkùnrin ní ẹyọ kan, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló sì ti gba ẹyọ kan náà, torí Y ni bàbá ń fún ọmọkùnrin. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ yín ló gbà dé ọ̀dọ̀ àkọ́bí. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo nínú X yín méjèèjì ló ní àléébù náà, ìdajì-ìdajì ni fún ọmọkùnrin kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá bí, bí ìgbà tí èèyàn ju owó ẹyọ sókè. Pé àkọ́bí ti ní in kò dín ti èyí kù, kò sì fi kún un. Àwọn ará ilé ọkọ tó ń pariwo, ẹ ní kí wọ́n ka ọkùnrin nínú agboolé tiwọn, torí láàárín àwa Yorùbá, nǹkan bí ọkùnrin kan nínú márùn-ún ló ní in, púpọ̀ wọn ò sì ní mọ̀ títí ayé. Ibà ló jẹ́ kó pọ̀ tó báyìí. Ìbàdàn níbí ni Lucio Luzzatto, onímọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀, àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ti fi hàn ní 1969 pé kòkòrò ibà kì í ráyè tó bẹ́ẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì pupa tí G6PD rẹ̀ kò tó. Ohun tó gba àwọn baba ńlá yín lọ́wọ́ ibà ni wọ́n fi ń bú yín yẹn.

Kí n tó gbàgbé: jẹ́nótáìpù AA tàbí AS kò sọ nǹkan kan nípa G6PD. Ẹni tó bá ní "AA ni yín, kò séwu", ẹ má dá a lóhùn.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gún yín nínú nítorí èyí. Omi inú oyún tí wọ́n ń fà ní ewu tiẹ̀, kò sì sí ohun tí èsì rẹ̀ máa yí padà ṣáájú ìbí. Ẹ̀jẹ̀ inú ìwọ́ ni kí ẹ gbà. Bí wọ́n bá ti gé ìwọ́, kí nọ́ọ̀sì fa mílílítà méjì láti ẹ̀gbẹ́ olóbi sínú ìgò kékeré onídèérí àlùkò, èyí tó ní EDTA, kí ó yí i lójú dé díẹ̀díẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ kó má baà dì, kí wọ́n kọ orúkọ àti aago sí i lára. Ẹ ní kí wọ́n ka iye G6PD, kí wọ́n má kàn kọ "ó wà" tàbí "kò sí". Kí wọ́n tún yẹ irú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò, àti bilirúbínì rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń mú kí ojú ọmọ pọ́n. Bí ẹ̀yin bá jẹ́ O, tí ọmọ sì jẹ́ A tàbí B, ewu ti di méjì nìyẹn. Ẹ bá nọ́ọ̀sì sọ ọ́ kí ọjọ́ ìrọbí tó dé. Lójú ìrọbí kò sẹ́ni tí yóò rántí.

Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá gbà nígbà tí ojú ọmọ ti pọ́n lè purọ́. Sẹ́ẹ̀lì àtijọ́ tí G6PD rẹ̀ kéré ti fọ́ dànù, àwọn tuntun tó kù ní èyí tó pọ̀ díẹ̀, èsì á wá ní kò sí ìṣòro. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lẹ́yìn tí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì sí ọmọ lára. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Èsì lè pẹ́ ọjọ́ mẹ́rin, ọjọ́ márùn-ún, ibẹ̀ gan-an sì ni nǹkan ti ń bàjẹ́. Títí èsì yóò fi dé, ẹ ṣe ọmọ náà bí ẹni tó ní in.

Sẹ́ẹ̀lì pupa tó bá fọ́ ló ń tú bilirúbínì sílẹ̀. Ẹ̀dọ̀ àgbàlagbà á kó o dànù, ti ìkókó ò tíì gbó tó bẹ́ẹ̀. Níbi tí G6PD kò bá tó, sẹ́ẹ̀lì lè dédé máa fọ́ wàràwàrà, kí bilirúbínì fò sókè láàárín òru kan, kó sì wọ ọpọlọ. Ibi tó ń darí bí ara ṣe ń rìn ló máa ń bà jẹ́ jù, àti ọ̀nà tí ìró ń gbà láti etí lọ sínú ọpọlọ. Ìdí nìyẹn tí ara àkọ́bí yín fi ń lọ́ tí kò sì gbọ́ ìró, bẹ́ẹ̀ ojú rẹ̀ ń tẹ̀ lé yín kiri ilé. Ọ̀pọ̀ irú wọn lóye ju bí ara wọn ṣe lè fi hàn lọ.

Ojú tó pọ́n kí wákàtí 24 tó pé kì í ṣe ohun tí à ń wò níran rárá. Fún ọmọ tó pé oṣù, ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún ni bilirúbínì máa ń ga jù, àwọn tó ń ní kí ìyá máa lọ sílé lọ́jọ́ kejì, "ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà", sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ má tẹ̀ lé wọn. Ẹ padà lọ́jọ́ kejì sí ìkẹta kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, bí ẹ bá tiẹ̀ rò pé ara rẹ̀ dá. Nílé, ẹ gbé e sẹ́bàá fèrèsé lọ́sàn-án, ẹ fi ìka tẹ imú rẹ̀ àti èrìgì rẹ̀, ẹ wo àwọ̀ tó máa yọ bí ẹ bá gbé ìka kúrò. Tó bá ti dé àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀, òru náà ni kí ẹ gbéra. Ọmọ tó ń sùn ju bó ṣe yẹ lọ, tí kò fa ọmú, tí ara rẹ̀ rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, bilirúbínì ti ń wọ ọpọlọ rẹ̀ nìyẹn. Èyí tó ń ké gooro, tí ọrùn rẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn bí ọrun tí wọ́n fà, ìṣẹ́jú ni ẹ ń kà.

Omi gúlúkóòsì kò fọ bilirúbínì, ọmú ló ń gbà lẹ́nu ọmọ. Omi ewé ìbẹ́pẹ, Ampiclox, oòrùn àárọ̀, ẹ fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n á ní àwọn kan fi oòrùn wo ọmọ sàn l'Ékòó. Lóòótọ́, wọ́n gbé ìwádìí náà jáde ní 2015, ṣùgbọ́n abẹ́ àtíbàbà tí wọ́n fi ọ̀rá pàtàkì bò ni, tó ń sẹ́ ìtànṣán tó léwu àti ooru kúrò, nọ́ọ̀sì ń wọn ìgbóná ara ọmọ, ó sì ń pẹ́ níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ogún ìṣẹ́jú níwájú ilé yàtọ̀ sí ìyẹn.

Ní ọsibítù, ẹ kọ́kọ́ bèèrè bóyá mg/dL ni wọ́n fi kọ èsì bilirúbínì tàbí µmol/L. 20 ní ti àkọ́kọ́ jẹ́ 342 ní ti ìkejì, mo sì ti rí ẹni tó ka ọ̀kan fún èkejì. Lábẹ́ iná búlúù tí wọ́n fi ń dín bilirúbínì kù, pámpá àti ìbòjú nìkan ni kó wà lára ọmọ, kí iná sún mọ́ ọn, kí wọ́n ta aṣọ funfun yí i ká kí ìmọ́lẹ̀ lè ta padà sí i lára. Iná tí wọ́n so mọ́ òkè àjà, ọ̀ṣọ́ lásán ni. Bí wọ́n bá ní ẹ̀rọ tó ń wọn agbára iná, 30 µW/cm²/nm sókè ni kí ẹ retí. Ìgbà tó bá ń mu ọmú nìkan ni kó jáde. Bí iná ọba bá lọ, ẹ dìde, ẹ lọ pe ẹni tó ń tan jẹnẹrétọ̀, ẹ má jókòó máa dúró. Tó bá ti wọ abẹ́ iná, ẹ má fi ojú wo awọ rẹ̀ mọ́, iná á ti bó àwọ̀ náà kúrò níta nígbà tí ti inú ẹ̀jẹ̀ ṣì ga. Ẹ̀jẹ̀ ni kí wọ́n máa wọ̀n. Bó bá di pé kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀, mílílítà 160 ni fún kílò kan, ìyẹn bíi 480 fún ọmọ kílò mẹ́ta. Ẹ bèèrè bóyá wọ́n yẹ G6PD ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fà sí i wò. Wọ́n á wò yín bí ẹni tó ń yọjú sí ohun tí kò kàn án. Ẹ tún un bèèrè.

Ẹ tú àpótí aṣọ ọmọ láti ìsinsìnyí. Káńfọ̀ róbótó-róbótó ọjà, náfútálíìnì ni ọ̀pọ̀ wọn, òórùn rẹ̀ nìkan sì lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí G6PD rẹ̀ kò tó; ìpara olóròóró tún ń jẹ́ kó yára wọ awọ. Aṣọ àkọ́bí tó ti wà pẹ̀lú káńfọ̀ fún ọdún méjì, ẹ fún ẹlòmíì tí kì í ṣe ìkókó. Ẹ má jẹ́ kí làálì kàn án níbi ìkómọ, ẹ má fi ìpara tàbí pàúdà olómẹ́ńtólì sí ìwọ́ rẹ̀. Jẹ́ẹ̀lì chlorhexidine 7.1% ni fún ìwọ́, kò sì gbọdọ̀ kan ojú ọmọ o, ó ti fọ́ ojú àwọn kan. Ẹ̀yin náà, bí wọ́n bá fẹ́ kọ Septrin tàbí nitrofurantoin fún yín ní ìparí oyún tàbí nígbà ọmú, ẹ sọ G6PD fún wọn kí wọ́n kọ òmíràn. Oògùn ibà tí kíníìkì aboyún ń fún yín, ẹ má dá a dúró fúnra yín.

Ẹ ò bèèrè nípa etí àkọ́bí, àmọ́ bí wọ́n bá ní "etí rẹ̀ dá, ó yege", ẹ bèèrè ẹ̀rọ tí wọ́n lò. OAE ń yẹ inú etí nìkan wò, inú etí irú ọmọ yìí sì sábà máa ń dá ṣáká; ọ̀nà tó ń gbé ìró lọ sí ọpọlọ ló já. ABR ló ń yẹ ọ̀nà yẹn wò. Ẹ má kúrò níbẹ̀ kí wọ́n tó kọ ABR sórí ìwé fún yín.