Ọdún ń bọ̀, koríko ti gba èbúté

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Etí adágún Ẹlẹ́yẹlé n'Ìbàdàn là ń gbé. Bí Kérésìmesì bá ti dé, èrò á ya bo wá. Koríko ojú omi sì ti bo èbúté wa. Kí la ó kọ́kọ́ ṣe?

Ìdáhùn: Koríko náà ni, kó tó yọ òdòdó, torí èso rẹ̀ ń pẹ́ nínú ẹrẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ẹ má fi àdá ṣá a: ègé tó bá léfòó lọ, ibòmíràn ló máa hù sí. Ẹ fà á tòun ti gbòǹgbò, kí ẹ sá a jìnnà sí omi.

Ẹ wọ́ ọkọ̀ sókè kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó fi òwú àti ọ̀dà dí ojú ibi tó ń jò. Ọ̀dà kì í mú igi tútù. Jákẹ́ẹ̀tì ìléfòó tí èrò ń wọ̀ nínú ọkọ̀, èyí tí fóòmù rẹ̀ kò bá wú padà lẹ́yìn tí ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ jù ú nù. Èrò inú ọkọ̀ kò gbọdọ̀ ju iye jákẹ́ẹ̀tì tó kù lọ, bí wọ́n tilẹ̀ ń bẹ̀ yín.

Ilé ìgbẹ́ ńkọ́? Ó kéré tán, kó fi 30 mítà jìnnà sí omi. Ìdí ni pé láti 1942 tí wọ́n ti sé Odò Ọ̀nà ní Ẹlẹ́yẹlé, inú adágún yìí ni wọ́n ti ń fa omi ẹ̀rọ.