Ṣíńṣín ọdún pẹ̀lú àwọn ọmọ kéékèèké: ẹ gbé òróró gbígbóná jìnnà sí wọn

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ títọ́, ìyá wa. Ẹ ní àwọn ọmọ yín, tí ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún 4 tí èkejì sì jẹ́ ọmọ ọdún 6, ti gba ìsinmi Kérésìmesì, ẹ sì fẹ́ kí wọ́n bá yín ṣe ṣíńṣín kí wọ́n lè ti ibẹ̀ kọ́ òǹkà. Ẹ wá béèrè ìwọ̀n èlò, bóyá ọmọ ọdún 4 lè mú ọ̀bẹ, àti bí ẹ ó ṣe jọ dín in. Èyí tó kẹ́yìn ni n ó kọ́kọ́ dáhùn: ẹ má jẹ́ kí wọ́n bá yín dín in, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n dúró níbi tí ẹ ti ń dín in.

Ọmọ ọdún 5 ni ọmọbìnrin mi nígbà tí a fi í sí ilé-ẹ̀kọ́ onísinmi kan tí wọ́n ti ní àwọn yóò fi ìpápánu kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Wọ́n tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, wọ́n gbé sítóòfù lé e, wọ́n sì ní kí àwọn ọmọ dúró yí i ká kí gbogbo wọn lè rí bí ṣíńṣín ṣe ń léfòó. Ọmọ kan fa aṣọ tábìlì, agbada sì dà. Òróró tí a fi ń dín nǹkan máa ń gbóná tó 170 sí 180 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó ju omi híhó lọ fíìfíì, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ara. Apá ọmọ mi ló dà sí, láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́.

Ohun tó tẹ̀ lé e ló dùn mí jù. Ẹ̀rọ omi wà lẹ́yìn yàrá náà gan-an, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ṣí i. Ẹyin tí wọ́n fẹ́ fi po iyẹ̀fun ni wọ́n fọ́ lé e lápá, ẹlòmíràn tún fi ọṣẹ ìfọyín kùn ún. Nígbà tí mo débẹ̀, ẹyin náà ti gbẹ mọ́ awọ ara tó ti ń bó. Ní ilé ìwòsàn tí a sáré gbé e lọ, ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà kò tilẹ̀ wo apá ọmọ, ó ní, "Ẹ lọ gba káàdì ná." Mo gba káàdì, ó ní kí n lọ sanwó, mo sanwó, ó ní kí n mú rìsíìtì wá, ọmọ sì ń ké ní gbogbo àsìkò náà. Títí di òní, inú mi kò tíì rọ̀ sí wọn. Nígbà tí nọ́ọ̀sì wá dá wa lóhùn, ó ní láti fi omi rọ ẹyin gbígbẹ yẹn, kí ó máa ṣí i kúrò díẹ̀díẹ̀, kí ó tó lè rí ojú egbò. N kò tíì gbọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀ rí lẹ́nu ọmọ. Lẹ́yìn náà ni wíwẹ egbò bẹ̀rẹ̀: báńdéèjì a lẹ̀ mọ́ ọn, wọn a ṣí i, ẹ̀jẹ̀ a tún yọ. Ó dé ipò kan tó jẹ́ pé bí ọkọ̀ bá ti yà sí àdúgbò ilé ìwòsàn náà, ọmọ á ti di aṣọ mi mú pinpin. Àwọn tó ni ilé-ẹ̀kọ́ onísinmi náà fi ìwé hàn mí pé ètò tí onímọ̀ kan kọ fún wọn ni àwọn tẹ̀ lé. Mo ka ìwé náà. Ó sọ̀rọ̀ lọ súà nípa bí ọmọ ṣe ń fi ojú, ọwọ́ àti imú kẹ́kọ̀ọ́, kò sì sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nípa iná.

Bí òróró bá ta sí ọmọ lára, omi ni kí ẹ sáré bá. Ẹ gbé ojú ibẹ̀ sábẹ́ omi tútù tó ń ṣàn fún 20 ìṣẹ́jú, kí ẹ sì bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ àti aṣọ tí kò bá tíì lẹ̀ mọ́ ara. Bí ẹ̀rọ omi kò bá sí, ẹ máa fi ife bu omi dà sí i. Ẹ má lo yìnyín, ẹyin, bọ́tà tàbí ògì tútù, ẹ má sì bẹ́ ìléròrò. Bí ojú ibẹ̀ bá tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà lọ, tàbí bí ó bá jẹ́ ojú, ọwọ́, ẹsẹ̀ tàbí oríkèé ni, ilé ìwòsàn ló kàn.

Ní ti èlò, 500 gíráàmù iyẹ̀fun, 100 gíráàmù ṣúgà, 100 gíráàmù bọ́tà, ẹyin 1 àti mílíìkì díẹ̀ ti tó. Ẹ pò ó, ẹ yí i kó tẹ́, ẹ gé e. Ẹ ti mọ ìyẹn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tọ́ iyẹ̀fun pípò náà lá, nítorí kòkòrò àrùn lè wà nínú ẹyin tútù àti nínú iyẹ̀fun tí kò tíì jinná. Bí wọ́n bá ti sùn lálẹ́, kí ẹ wá dín in.

Orí tíréè ni ẹ̀kọ́ náà wà kí ẹ tó gbé e dé ìdí iná. Òǹkà dé 10 tó fún èyí àbúrò. Fún ẹ̀gbọ́n, ẹ to ṣíńṣín 20 sílẹ̀, kí ó mú ẹyọ kan kúrò, kí ó sì sọ pé mọ́kàndínlógún ló kù. Kí ó mú òmíràn, ó di méjìdínlógún, títí yóò fi kan mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọmọ mi ti ń ka mẹ́rìndínlógún bí orin tẹ́lẹ̀ láìmọ ìdí rẹ̀, àfi ọjọ́ tó rí ẹyọ mẹ́rin tó ti mú kúrò lọ́wọ́ ara rẹ̀.

Bí ẹ bá sì fẹ́ èyí tí wọn ó lọ́wọ́ sí dópin, ẹ ṣe àádùn. Ẹ̀yin ni kí ẹ yan àgbàdo, kí ẹ lọ̀ ọ́, kí ẹ sì kù ú; bí ó bá ti tutù, kí àwọn ọmọ máa bu epo pupa sí i ní ṣíbí kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa kà á, títí yóò fi ṣeé dì mọ́wọ́. Iyọ̀ díẹ̀ àti ṣúgà ló kù. Ẹ má fi ẹ̀pà odidi sí i, nítorí ó lè há ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 lọ́fun.

Ní ti ọ̀bẹ tí ẹ béèrè, ọmọ ọdún 4 kò nílò rẹ̀. Etí rúlà oníke tí ẹ ti fọ̀ dáadáa máa ń gé iyẹ̀fun pípò geere, ọmọ náà sì tún lè fi ìlà ara rúlà náà wọn ẹyọ kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè dọ́gba.