Oṣù méjì lórí gìtá, kọ́ọ̀dù C ṣì ń kùn: ṣé ìka mi ló kúrú ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún 41 ni mí. Ó ti tó oṣù méjì tí mo ti ń dá kọ́ gìtá nílé, gìtá onígi tó ní okùn irin. Orí ìka ọwọ́ òsì mi ń ta mí. Kọ́ọ̀dù C mi ń kùn, okùn kan tilẹ̀ máa ń kú pátápátá nínú rẹ̀. Mo ti mọ Em, Am, C, G àti D lórí, ṣùgbọ́n tí mo bá fẹ́ kúrò lórí C bọ́ sórí G, orin á ti lọ kí ọwọ́ mi tó débẹ̀. Ẹnì kan ní ìka mi ló kúrú. Ẹlòmíràn ní kí n lọ ra gìtá olókùn náílọ́ọ̀nù. Kí ni ẹ rí sí i?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú akitiyan. Ẹ má tíì ra gìtá mìíràn, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ ìka kúkúrú lé yín kúrò nídìí orin. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, ọ̀rọ̀ C sí G yẹn ni mo dì mú jù. Kọ́ọ̀dù márùn-ún, ìyẹn àwọn ohùn tí a ń dún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ti wà lórí yín. Ọ̀nà tó wà láàárín wọn ni ọwọ́ yín kò tíì mọ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni orin wà. N óò pẹ́ díẹ̀ lórí ìyẹn. Àmọ́ ká kọ́kọ́ yẹ gìtá náà wò, nítorí gìtá tí okùn rẹ̀ ga jù máa ń mú kí akẹ́kọ̀ọ́ dá ara rẹ̀ lẹ́bi lásán.

Ẹ yí àwọn okùn náà sí ohùn wọn ná. Láti orí èyí tó nípọn jù dé èyí tó tín-ín-rín jù, E, A, D, G, B, E ni wọ́n ń jẹ́. Èyí tó tín-ín-rín jù là ń pè ní okùn kìíní, èyí tó nípọn jù ni ìkẹfà. Tuner orí fóònù tó fún iṣẹ́ yìí. Bí ohùn okùn kan bá ti ga kọjá ibi tó yẹ, ẹ dẹ̀ ẹ́ títí yóò fi lọ sílẹ̀ díẹ̀ jù, kí ẹ wá fà á gòkè padà, torí okùn tí a dẹ̀ wá síbi tó yẹ kì í pẹ́ kó tó tún yẹ̀. Gìtá tí wọ́n fà kọjá ààlà máa ń le lábẹ́ ìka. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tí ìyà tó ń jẹ ẹ́ kò ju ìyẹn lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ okùn kẹfà mọ́lẹ̀ ní fret kẹta, ìyẹn ìkẹta nínú àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá. Bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ wo orí fret kìíní. Àlàfo tó wà láàárín okùn àti irin níbẹ̀ yẹ kó kéré débi pé bébà pẹlẹbẹ nìkan ni yóò lè kọjá. Bí ẹ bá rí àlàfo gbòòrò, á jẹ́ pé ojú ihò tí okùn gbà kọjá lórí nut, egungun tàbí ike kékeré tó wà nísàlẹ̀ orí gìtá, kò jìn tó. Ìyẹn ló ń mú kí kọ́ọ̀dù tó bá ti ní fret kìíní nínú, bíi C, máa dun ìka ju àwọn yòókù lọ. Bí ẹ bá ní capo, ìdè kékeré tó ń tẹ gbogbo okùn mọ́ ọrùn gìtá pọ̀, ẹ fi de fret kejì, kí ẹ wá mú C lé e lórí bí ẹ ṣe máa ń mú un. Tó bá rọ̀ lójijì, ẹ ti mọ ibi tí ẹjọ́ wà.

Ẹ tún wo fret kejìlá, èyí tó pín okùn sí méjì dọ́gba. Ẹ fi rúlà wọn àlàfo láti orí irin dé abẹ́ okùn kẹfà. Lórí gìtá olókùn irin, nǹkan bíi mìlímítà 2.5 dára. Tó bá ti ń lọ sí 3.5, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó ń tún gìtá ṣe. Iṣẹ́ kékeré ni fún un. Ẹ má fi ọwọ́ ara yín fá nut yẹn o. Bí ẹ bá fá a jù, okùn yóò máa kùn láìjẹ́ pé ẹ tẹ̀ ẹ́, nut tuntun ni yóò sì kù tí ẹ máa wá.

Ẹ bi onítúnṣe náà léèrè nípa okùn pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ gìtá onígi ló máa ń wá pẹ̀lú okùn nọ́ńbà 12, ìyẹn ni pé okùn kìíní nípọn tó 0.012 ínǹṣì. Nọ́ńbà 10 rọ̀ jù ú lọ dáadáa. Ohùn rẹ̀ kì í kún tó ti 12, ṣùgbọ́n ẹ óò lè jókòó pẹ́ nídìí rẹ̀, ohun tí mo sì fẹ́ fún yín lákòókò yìí nìyẹn. Tony Iommi, onígìtá ẹgbẹ́ Black Sabbath, pàdánù orí ìka méjì sínú ẹ̀rọ nílé iṣẹ́ irin ní 1965. Okùn tó tín-ín-rín wà lára ohun tó gbé e padà sídìí gìtá, nígbà tó sì yá, ó tún dẹ ohùn gìtá rẹ̀ sísàlẹ̀ kí okùn lè túbọ̀ rọ̀. Ẹ̀yin náà lè dẹ okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sísàlẹ̀ ní ìwọ̀n fret kan tàbí méjì fún ìgbà díẹ̀. Bí gbogbo wọn bá ṣáà ti lọ sílẹ̀ bákan náà, kọ́ọ̀dù yín kò ní dàrú.

Ní ti gìtá olókùn náílọ́ọ̀nù, òótọ́ ni pé ó rọ ìka lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ fẹ̀: nǹkan bíi mìlímítà 52 lẹ́bàá nut, nígbà tí ti olókùn irin sábà máa ń wà láàárín 43 sí 45. Ẹni tí orí ìka rẹ̀ tóbi yóò gbádùn àyè yẹn, àmọ́ ẹni tó ń ráhùn pé ìka òun kò dé ọ̀hún lè tún bá ìṣòro mìíràn pàdé níbẹ̀. Ẹ rà á bí ohùn rẹ̀ bá wù yín. Ẹ má rà á nítorí ìrora oṣù méjì.

Ó wá ku C fúnra rẹ̀. Ìka ìfábẹ̀lá wà lórí okùn kejì ní fret kìíní, ìka àárín wà lórí okùn kẹrin ní fret kejì, ìka òrùka wà lórí okùn karùn-ún ní fret kẹta. Kò sí ìka lórí okùn kẹta àti ìkíní, síbẹ̀ wọ́n gbọ́dọ̀ dún. Ẹ mú un, àmọ́ ẹ má tíì gbá gbogbo okùn pọ̀. Ẹ máa ta okùn lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí ìkarùn-ún wá sórí ìkíní, kí ẹ sì fetí sílẹ̀.

Bí okùn kìíní bá kú, ìka ìfábẹ̀lá ló sùn lé e. Bí ó bá jẹ́ ìkẹta ló kú, ìka àárín ni kí ẹ mú. Ohun kan náà ló ń wo méjèèjì sàn: ẹ jẹ́ kí oríkèé ìka tẹ̀ kó sì dìde, kí orí ìka lè sọ̀ kalẹ̀ tààrà lé okùn. Kí àtàǹpàkò wà lẹ́yìn ọrùn gìtá, kó má yọ jáde lókè. Kí ẹ̀kánná ọwọ́ òsì kúrú dáadáa, torí pé ìka kò lè dúró lórí ẹ̀kánná gígùn.

Bí okùn kò bá kú ṣùgbọ́n tó ń kùn, ìka ti jìnnà sí irin. Kì í ṣe àárín irin méjì là ń tẹ̀. Ẹ̀yìn irin tó wà níwájú gan-an ni, débi tí ìka fẹ́rẹ̀ẹ́ gun un. Ẹ dán an wò lórí okùn kan ṣoṣo. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní àárín, ẹ ta á, ẹ gbọ́ bó ṣe ń kùn. Ẹ wá máa sún ìka síwájú díẹ̀díẹ̀, ẹ máa ta á bí ẹ ṣe ń sún, ẹ má fi agbára kankan kún un. Ẹ óò gbọ́ ibi tí kíkùn náà ti dá. Níbẹ̀, ẹ dẹ ìka títí okùn yóò tún fi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, kí ẹ padà tẹ̀ ẹ́ kìkì dé ibi tó ti mọ́. Agbára tí gìtá ń fẹ́ kò ju ìyẹn lọ, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló sì ń lò jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì.

Bí ìka òrùka kò bá dé fret kẹta, bí ẹ ṣe jókòó ni kí ẹ wò kí ẹ tó dá ìka lẹ́bi. Ẹ gbé gìtá lé itan òsì, kí ẹsẹ̀ yẹn wà lórí àpótí kékeré, kí orí gìtá ga tó èjìká yín. Ọrùn ọwọ́ yóò nà, ìka yóò sì gùn sí i lójú ara yín. Ìka òrùka àti ọmọńdinrín ọwọ́ òsì Django Reinhardt, onígìtá jazz, bàjẹ́ nínú iná tó jó o ní 1928. Ìka méjì tó kù ló fi ń sáré lórí okùn lọ́nà tí àwọn tí ìka wọn pé ṣì ń lé títí dòní. Ìka kúkúrú kì í ṣe ẹ̀sùn.

Ìrora orí ìka kò burú. Bí ẹ bá ń ta gìtá lójoojúmọ́, awọ ibẹ̀ yóò yi láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Ẹ má kàn ta á kété tí ẹ bá fọ aṣọ tàbí wẹ̀ tán, nígbà tí awọ ṣì rọ̀. Ṣùgbọ́n bí ìrora bá wà ní ọrùn ọwọ́, ní ìdí àtàǹpàkò tàbí ní apá, ẹ gbé gìtá sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bí ìka bá ń kú tipiri, dókítà ló ni ẹjọ́ yẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí C sí G. Bí ẹ ṣe mú C, ìka àárín àti ìka òrùka wà lórí okùn kẹrin àti ìkarùn-ún. Ẹ wá mú G báyìí: ìka òrùka lórí okùn kẹfà ní fret kẹta, ìka àárín lórí okùn karùn-ún ní fret kejì, ìka ọmọńdinrín lórí okùn kìíní ní fret kẹta. Ṣé ẹ rí i? Àwọn méjèèjì kò yí ìdúró wọn padà rárá, wọn kò sì kúrò ní fret wọn. Okùn kan péré ni wọ́n sún, sí apá ibi tó nípọn. Ìfábẹ̀lá gbéra, ọmọńdinrín balẹ̀, ó parí. Ó dá mi lójú pé ìka ìfábẹ̀lá, àárín àti òrùka lẹ fi ń mú G, bí ọ̀pọ̀ àwòrán ṣe ń fi hàn. Kò lòdì, ṣùgbọ́n ó ń mú kí gbogbo ìka ṣí kúrò lẹ́ẹ̀kan náà, ìdí sì nìyẹn tí orin fi ń fi yín sílẹ̀. Ọmọńdinrín yóò ṣe agídí fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ fara dà á, ẹ ó dúpẹ́ nígbẹ̀yìn.

Irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ pọ̀ níbòmíràn. Láti Am sí C, ìfábẹ̀lá àti àárín kò gbọ́dọ̀ gbéra rárá. Ìka òrùka nìkan ló ń ti okùn kẹta lọ sí ìkarùn-ún. Láti G sí Em, ìka àárín dúró síbi tó wà, òrùka sì bọ́ sórí okùn kẹrin ní fret kejì. D nìkan ni kò ṣe ojúsàájú fún ẹnikẹ́ni nínú àwọn márùn-ún yín, nítorí náà òun ni kí ẹ fún ní àkókò tó pọ̀ jù.

Ẹ mú kọ́ọ̀dù méjì péré. Ẹ mú ti àkọ́kọ́, ẹ gbé ìka kúrò díẹ̀, ẹ bọ́ sórí èkejì, ẹ padà. Ẹ má tíì gbá okùn. Kí ẹ wo ìka tó ń pẹ́ dé. Òun ni kí ẹ máa rán ṣáájú. Nígbà tó bá ti ń rọrùn, ẹ fi ìṣẹ́jú kan ka iye ìgbà tí ẹ lè yí i padà tí yóò sì dún mọ́. Bó bá ti tó 30, ẹ ti lè fi kọ orin tó rọra ń lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí metronome, ẹ̀rọ tó ń lù déédéé kí èèyàn lè bá a rìn, sí lílù 60 ní ìṣẹ́jú kan, kí ẹ máa gbá okùn sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan fún lílù kọ̀ọ̀kan, kọ́ọ̀dù kan fún lílù mẹ́rin. Ọwọ́ ọ̀tún kò gbọ́dọ̀ dúró de ti òsì. Bí ọwọ́ òsì bá pẹ́, ẹ gbá ohun tó bá wà níbẹ̀, kó dún bó ṣe wù ú. Olùgbọ́ yóò dárí ohùn kan tó kùn jì yín, ṣùgbọ́n bí ìlù bá já, gbogbo ilé ni yóò gbọ́. Ọwọ́ òsì náà yóò kọ́ láti bá a rìn, nítorí kò sí ẹni tó ń dúró dè é mọ́. Ìṣẹ́jú 15 lójoojúmọ́ tó fún èyí. Ó dára ju wákàtí méjì lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lọ, pàápàá bí gìtá bá wà níta tí ojú yín ń rí i.

F ni yóò dojú kọ yín tẹ̀ lé èyí. Ẹ má jẹ́ kó lé yín sá. Ẹ tẹ okùn kìíní àti èkejì pọ̀ ní fret kìíní pẹ̀lú ìfábẹ̀lá, ìka àárín lórí ìkẹta ní fret kejì, òrùka lórí ìkẹrin ní fret kẹta, kí ẹ sì gbá okùn mẹ́rin yẹn nìkan. F gidi ni. Ẹ máa fi òun kọrin títí ìfábẹ̀lá yóò fi lè tẹ okùn méjì yẹn láìkùn, kí ẹ tó nà á bo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.