Kọ́kọ́rọ́ géètì wa wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa ní Ìbàdàn. Nígbà tí olè jí ọ̀kadà mẹ́ta gbé ní òpópónà wa, a dáwó, a ṣe géètì sí orí rẹ̀ méjèèjì, a sì gba ọlọ́dẹ kan. Aago mọ́kànlá alẹ́ la ń tì í, ó di aago márùn-ún ìdájí ká tó ṣí i. Lóṣù tó kọjá, gáàsì gbiná ní kíṣìnnì ayálégbé kan ní nǹkan bí aago kan òru. Ọlọ́dẹ wà ní géètì kejì, kọ́kọ́rọ́ sì wà lápò rẹ̀. Orí irin la ti na ọmọ ọdún mẹ́rin tí iná jó lọ́wọ́ sí ẹni tó gbé e lọ ọsibítù. Ọmọ náà ti ń gbádùn. Ṣùgbọ́n ìpàdé wa ti pín sí méjì: àwọn kan ní ká wó géètì, àwọn kan ní ká túbọ̀ dáwó ká ra ìbọn fún ọlọ́dẹ. Kí ni ká ṣe?

ÌDÁHÙN: Akọ̀wé, ẹ bá mi kí ìyá ọmọ náà. Mo ka lẹ́tà yín, mo gbé e kalẹ̀, mo tún gbé e. Ọmọ tí wọ́n gbé gba orí irin yẹn ò kúrò lójú mi.

Ẹ má wó géètì o, ẹ má sì ra ìbọn. Nígbà tí ẹ ń dáwó, olè nìkan ló wà lọ́kàn yín. Ẹ ò rántí iná, ẹ ò rántí àgbàrá, ẹ ò rántí aboyún tó máa rọbí láàjìn. Ibẹ̀ ló ti wọ́.

Kọ́kọ́rọ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Ẹ gé mẹ́rin sí i, kí méjì wà nítòsí géètì kọ̀ọ̀kan, nílé ẹni tí kì í sábà rìnrìn àjò. Ní òpópónà tiwa, ọwọ́ ìyá alákàrà ni ọ̀kan wà, torí pé aago mẹ́ta òru ló ń dìde ṣa ẹ̀wà. Ìṣó ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló fi kọ́ ọ sí, tọmọdé tàgbà ló sì mọ ìṣó náà. Lẹ́yìn èyí, ẹ dán an wò. Àwa kéde rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí àyà má baà já ẹnikẹ́ni, a fọn fèrè lóru, a ń ka ìṣẹ́jú. Ìṣẹ́jú 11 ló gbà wá, torí àgádágodo ti dípẹtà! A fi ọ́ìlì sí i. Lẹ́ẹ̀kejì, ìṣẹ́jú 2.

Ẹ wo òkè géètì náà pẹ̀lú. Bí ẹ bá fi irin dábùú rẹ̀, ṣé ọkọ̀ panápaná á gba abẹ́ rẹ̀ kọjá? Ẹ lọ bi àwọn panápaná bí ọkọ̀ wọn ti ga tó kí ẹ tó pe wẹ́dà. Kí ẹ sì fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì, 615 ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti 112, sára géètì gàdàgbà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fojú mi rí. Lọ́jọ́ Àìkú, 31 oṣù kẹjọ 1980, tí Odò Ògùnpa ya wọ ìlú, akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ni mí, Òkè-Bọ́lá ni mò ń gbé. Omi ti dé eékún wa nígbà tí ọkùnrin télọ̀ kan ń gbá ilẹ̀kùn lójúlé-lójúlé. Ó mọ̀ pé ìyá kan tí kò ríran ń sùn ní yàrá ẹ̀yìn ilé kẹta. Ẹ̀yìn ló fi pọ̀n ọ́n jáde. Bí kò bá mọ̀ pé ìyá yẹn wà níbẹ̀, àwa yòókù ò rántí rẹ̀, kí Ọlọ́run dárí jì wá.

Nítorí náà, akọ̀wé, ẹ ra ìwé ńlá kan. Ojúlé mélòó, ènìyàn mélòó ń sùn níbẹ̀, ta ni kò lè dá rìn, ta ni nọ́ọ̀sì, ta ló ní ọkọ̀. Ojú ìwé yẹn náà lẹ máa fi mọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé àti ohun tó ń kó wọlé. Ní 16 oṣù kìíní 2024, ohun abúgbàmù tí ìjọba ní àwọn awakùsà aláìgbàṣẹ kó pa mọ́ sílé kan ní Bódìjà bú gbàù, ó wó ilé, ó pààyàn. Fèrèsé mi mì tìtì lọ́jọ́ náà. Títí di òní ni mò ń rò ó: ta ló rí ẹrù yẹn nígbà tí wọ́n ń já a, ta sì ni ìbá sọ ọ́ fún? Àmọ́ ẹ má fi ìwé náà dọdẹ màírúwà tàbí ọlọ́kadà tó ń wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá fura sí ẹnikẹ́ni, ẹ pe ọlọ́ọ̀pá, kí ẹnikẹ́ni má na ẹnikẹ́ni.

Ti ìbọn: òfin ilé iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ti 1986 kò gba ẹ̀ṣọ́ aládàáni láàyè láti gbé ìbọn. Èmi tí mo ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì fún ọdún 31, mo ti fi ọwọ́ mi yọ ọta ṣakabùlà lára aládùúgbò tó kàn jáde lóru lọ ra oògùn fún ọmọ rẹ̀. Ọlọ́dẹ rò pé olè ni. Owó ìbọn yẹn, ẹ fi gba ọlọ́dẹ kejì, torí ẹnì kan ò lè ṣọ́ géètì méjì. Ẹ ra tọ́ọ̀ṣì, fèrè àti aṣọ òjò fún wọn, kí ẹ sì mú wọn lọ fi han DPO àti Àmọ̀tẹ́kùn tó wà níjọba ìbílẹ̀ yín. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní 2020, ọmọ ìlú tó mọ igbó àti ọ̀nà ni wọ́n ń gbà síṣẹ́. Ó yẹ kí wọ́n dá ojú ọlọ́dẹ yín mọ̀ kí ọ̀rọ̀ tó ṣẹlẹ̀.

Kí gbogbo ilé gbé sìlíńdà gáàsì síta, kí wọ́n máa pa orí rẹ̀ lálẹ́. Bí epo bá gbiná nínú apẹ, ẹ da ọmọrí dé e, ẹ má bu omi sí i láéláé.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fọn fèrè tiyín, ẹ kọ̀wé sí mi pé ìṣẹ́jú mélòó ni. Bí ìyá ọmọ náà bá sì gbà, ẹ fún un ní ọ̀kan nínú kọ́kọ́rọ́ mẹ́rin yẹn.